Ta Ni Pátákó Almaty Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Almaty, ní orílẹ̀-èdè Kazakhstan. Ó fi fọ́tò òpópónà ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní àkọlé méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, lójú tèmi ọ̀kan náà sì ni lẹ́tà wọn. Ó ní òfin ló pàṣẹ pé kí èdè Kazakh wà lókè èdè Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n èdè Rọ́ṣíà ni òun ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ṣáá. Kí wá ni ìwúlò òfin náà? Ṣé pátákó lè gba èdè là? Oǹkàwé yín, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ojú àbúrò yín mú. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń gbé Almaty fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé èdè méjì ló wà lórí pátákó tí wọ́n ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, torí lẹ́tà Sírílìkì, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ èdè Rọ́ṣíà, ni wọ́n fi kọ méjèèjì. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí kí ọ̀rọ̀ tó gùn: púpọ̀ nínú àwọn pátákó yẹn, wolé-wolé ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe oníbàárà. Oníbàárà ń ka ìlà ìsàlẹ̀, wolé-wolé ń wo ìlà òkè. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé asán ni òfin náà, ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Òfin tí ó ń sọ ni òfin nípa èdè tí Kazakhstan gbé jáde ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1997. Abala 21 rẹ̀ ló dá lórí ohun tí ojú ń kà níta: pátákó ṣọ́ọ̀bù, ìkéde, ìpolówó, bébà tí wọ́n kọ iye owó ọjà sí, ìwé tí ilé oúnjẹ fi ń to orúkọ oúnjẹ, atọ́ka ọ̀nà. Ohun tí òfin náà wí kí wọ́n tó tún un ṣe ní òpin ọdún 2021 ni pé kí èdè Kazakh wà ní apá òsì tàbí lókè, kí èdè Rọ́ṣíà wà ní apá ọ̀tún tàbí nísàlẹ̀, kí lẹ́tà àwọn méjèèjì sì tóbi bákan náà. Òfin tó ń wọn lẹ́tà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá mú rúlà dání lè mọ̀ bóyá ẹ rú u tàbí ẹ pa á mọ́. Àwọn ìlú ńlá ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè èdè, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a sì máa rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ìkìlọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ẹni tó bá ṣẹ̀. Bó bá tún ṣẹ̀, owó ìtanràn ló kàn.

Tí ẹ bá bá àwọn àgbà yín sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ fún yín bí ó ṣe máa ń rí láyé ìjọun tí wolé-wolé bá ń bọ̀ wá yẹ ìkòkò omi wò. Omi á mọ́ lóló lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tanwíjí ti padà sílé. Ohun tí mo ní lọ́kàn gan-an nìyẹn nígbà tí mo pe àwọn olùṣàyẹ̀wò Almaty ní wolé-wolé.

Kí ló dé tí orílẹ̀-èdè kan á fi máa wọn lẹ́tà? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Darandaran ni àwọn Kazakh, ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń dà kiri pápá. Láàárín 1930 sí 1933, nígbà tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ní Moscow, tí Kazakhstan wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, gba ẹran wọn, tó sì fi ipá kó wọn sínú oko àjọni, ìyàn mú. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ èèyàn ló kú, ọmọ Kazakh ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn mìíràn da ẹran tó ṣẹ́kù, wọ́n sọdá sí Ṣáínà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba kan náà wá bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ẹ̀yà tí kò fọkàn tán wá dà sórí ilẹ̀ tó ti ṣófo: àwọn ará Kòríà ní 1937, àwọn ọmọ Jámánì etí odò Volga ní 1941, àwọn Chechen ní 1944. Ní 1954, Khrushchev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, tún ní kí wọ́n ro pápá àríwá láti gbin àlìkámà, àìmọye ọ̀dọ́ láti Rọ́ṣíà àti Ukraine sì ya wá. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1959, ọmọ Kazakh kò ju nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn ará Rọ́ṣíà nìkan lé ní 42. Onílé ti di àlejò.

Èdè Rọ́ṣíà ni èdè iléeṣẹ́, yunifásítì àti ọ́fíìsì. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ òun ríbi dé, ilé ẹ̀kọ́ Rọ́ṣíà ló ń mú un lọ. Báyìí ni odindi ìran kan ṣe dàgbà ní ìlú ńlá tó jẹ́ pé wọ́n ń gbọ́ Kazakh lẹ́nu ìyá àgbà, èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n sì fi ń dá a lóhùn. Mi ò rò pé mo ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó ń gbé Ìbàdàn.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1989, tí Sófíẹ́ẹ̀tì kò tíì tú ká, ni wọ́n ṣòfin tó sọ Kazakh di èdè ìjọba, tó sì fi Rọ́ṣíà ṣe èdè tí ẹ̀yà kan fi ń bá ẹ̀yà kejì sọ̀rọ̀. Lọ́dún náà gan-an, ìkànìyàn fi hàn pé ọmọ Kazakh tó bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ará Rọ́ṣíà bíi 38. Ẹ ro ipò tí ìjọba wà. Kò lè pàṣẹ fún ẹnjiníà ẹni ọdún 45 pé láti ọ̀la lọ, èdè tí kò kọ́ rí ni kó máa fi ronú. Kò sì lè jẹ́ kí àwọn ará Rọ́ṣíà tó wà ní àríwá gbà pé wọ́n ń lé àwọn, torí ààlà tó wà láàárín òun àti Rọ́ṣíà lé ní 7,500 kìlómítà, kò sì sí odi níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé òfin ilẹ̀ wọn ti 1995 fi sọ ní abala 7 pé Kazakh ni èdè ìjọba, ṣùgbọ́n tó tún fi kún un pé wọ́n ń lo èdè Rọ́ṣíà ní ọ́fíìsì ìjọba ní dọ́gba-dọ́gba pẹ̀lú Kazakh. Ọ̀rọ̀ tó tu tọ̀tún-tòsì lójú.

Nínú gbogbo ohun tí ìjọba lè fọwọ́ kàn, pátákó ló rọrùn jù. Ẹ lè pààrọ̀ pátákó ìlú kan láàárín oṣù díẹ̀, owó ara oníṣọ́ọ̀bù sì ni yóò fi ṣe é. Àwọn ará Rọ́ṣíà kò pàdánù ohunkóhun, èdè wọn ṣì wà níbẹ̀, ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ kò dín. Ìlà kan péré ni ó fi sún sísàlẹ̀. Àwa tí a ń ka pátákó bí iṣẹ́ máa ń sọ pé iṣẹ́ méjì ni àkọlé ń ṣe: ó ń fún èèyàn ní ìròyìn, ó sì ń sọ ẹni tó ni ìlú. Ní Almaty, wọ́n pín iṣẹ́ méjèèjì yìí fún ìlà méjì. Òkè ni wọ́n gbé iyì sí, ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ìròyìn sí.

Ẹ̀rí ìyẹn wà lára àṣìṣe. Oníṣọ́ọ̀bù tó ń fi èdè Rọ́ṣíà ronú máa ń fi Rọ́ṣíà kọ àkọlé rẹ̀ ná. Á wá wá ẹni tí yóò bá a yí i sí Kazakh, tàbí kí ó fi ẹ̀rọ yí i fúnra rẹ̀, tàbí kí ó wo ti aládùúgbò rẹ̀ kọ. Ìlà Rọ́ṣíà á já gaara, ti Kazakh á máa wọ́ tuurutu lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ètò ọ̀rọ̀ tí kò sí lẹ́nu Kazakh kankan. Ẹ mọ̀ pé kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Bí àṣìṣe bá wà ní ìlà ìsàlẹ̀, oníbàárà á bú oníṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tó wà ní ìlà òkè lè pẹ́ níbẹ̀ títí ọ̀dà á fi bó, torí wolé-wolé ti wò ó, ó rí i pé ó wà lókè, pé ó tóbi tó, ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà tún wà, èyí tí yóò yé yín ju bí yóò ṣe yé aláwọ̀ funfun lọ. Sírílìkì tí àwọn Kazakh ń lò láti 1940 ní lẹ́tà 42. Mẹ́sàn-án nínú wọn kò sí nínú ti Rọ́ṣíà: ә, ғ, қ, ң, ө, ұ, ү, һ, і. Lórí kíbọ́ọ̀dù Kazakh, ẹ̀gbẹ́ òkè níbi tí nọ́ńbà máa ń wà ni wọ́n há wọn mọ́. Ẹni tó ń kánjú, tàbí tí kíbọ́ọ̀dù Rọ́ṣíà nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, á kàn fi к dípò қ, á fi о dípò ө. Ohun tí a ń fi ẹ, ọ àti ṣ ṣe náà nìyẹn. Tí ẹ bá kọ OKO sára ògiri láìfi àmì sí i, ta ló mọ̀ bóyá ti baálé ilé lẹ ń sọ, àbí ti ilẹ̀ ọ̀gbìn, àbí òkò tí wọ́n ń jù? Ní Kazakh, қол ni ọwọ́, көл ni adágún omi. Ẹ yọ ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò, кол ni méjèèjì dà. Құл ni ẹrú, күл ni eérú. Кул ni wọ́n ń dà lórí pátákó tí wọ́n kánjú kọ. Òfin 1997 wọn gíga lẹ́tà, ó gbé e sípò, ṣùgbọ́n ojú tí kò mọ èdè náà kò lè mọ̀ pé àmì kan ti jábọ́ lára rẹ̀.

Tí ẹ bá tún rí pátákó kẹta nínú fọ́tò àbúrò yín tó dà bíi lẹ́tà tiwa, ẹ má rò pé èdè mìíràn ni. Kazakh náà ni, ní aṣọ mìíràn. Èdè yìí ti pààrọ̀ aṣọ léraléra: lẹ́tà Lárúbáwá títí di 1929, Látìn títí di 1940, lẹ́yìn náà Sírílìkì. Ní 2017, Ààrẹ Nazarbayev ní kí wọ́n padà sí Látìn kí ó tó di 2025. Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àbá tí wọ́n kọ́kọ́ fihàn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, lẹ́tà méjì-méjì ni wọ́n fẹ́ fi dúró fún ìró kan, bẹ́ẹ̀ ni сәбіз, ìyẹn kárọ́ọ̀tì, ṣe di saebiz. Lójú ẹni tó gbọ́ Rọ́ṣíà, ó jọ ọ̀rọ̀ rírùn tí ọmọlúàbí kò gbọdọ̀ sọ níwájú àgbà. Ìlú fi ṣẹ̀fẹ̀ títí. Ní oṣù Kẹwàá, ààrẹ fọwọ́ sí òmíràn tó kún fún àmì kọ́mà òkè, débi pé Republic di Respy'bli'ka. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, wọ́n tún yí i, ó di àmì ohùn òkè bíi tiwa lórí lẹ́tà: á, ó, ú, ń. Ní 2021, wọ́n tún gbé òmíràn jáde, èyí tí ó ní àmì oní-tótó-méjì bíi ti Jámánì àti Tọ́kì, wọ́n sì sún ọjọ́ ìparí síwájú dé 2031.

Ẹni tó ń ṣe pátákó nìkan ni mo mọ̀ pé ó jèrè nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ya ara láti ṣe bí ààrẹ ṣe wí ní 2017 ti pààrọ̀ pátákó, ó tún pààrọ̀ òmíràn, ẹni tó sì jókòó tí kò ṣe nǹkan kan ló wá dà bí ọlọ́gbọ́n. Ohun tó jẹ́ ìyanu fún mi ni pé owó ẹyọ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 ní lẹ́tà Látìn lára, owó bébà ṣì ń fi Sírílìkì sọ̀rọ̀. Àpò kan náà, ìwé méjì.

Orúkọ òpópónà ni mo fẹ́ kí àbúrò yín fetí sí jù, torí níbẹ̀ ni ẹnu àti pátákó ti ń ta ko ara wọn gbangba. Òpópónà Lenin ti di Dostyk, ìyẹn Ìbáṣọ̀rẹ́. Èyí tí wọ́n sọ lórúkọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Kọ́múnístì di Tole bi, adájọ́ Kazakh ayé àtijọ́. Òpópónà Àlàáfíà di Zheltoksan, tó túmọ̀ sí oṣù Kejìlá, nítorí pé ní oṣù Kejìlá ọdún 1986 ni àwọn ọ̀dọ́ Kazakh jáde sí gbàgede Almaty láti fẹ̀hónú hàn nígbà tí Moscow yọ Kunaev, olórí Kazakhstan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, tí wọ́n sì fi Kolbin tí wọ́n gbé wá láti Rọ́ṣíà rọ́pò rẹ̀. Àwọn ológun fọ́ wọn ká, ẹ̀mí sì ṣòfò. Orúkọ yẹn wọlé, kò sí ẹni tó ń janpata lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi orúkọ Nazarbayev rọ́pò ti Furmanov, òǹkọ̀wé Sófíẹ́ẹ̀tì, lórí òpópónà mìíràn ní 2017, nígbà tí ààrẹ ọ̀hún ṣì wà lórí oyè, pátákó yí padà lọ́sàn-án gangan, ẹnu kọ̀, kò yí. Ẹ wọ takisí lónìí, ẹ dárúkọ Furmanov, wọ́n á gbé yín débẹ̀.

Mo rí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì báyìí: àkọ́kọ́ sọ ohun tí ìlú ti ń sọ láàárín ara wọn tẹ́lẹ̀, èkejì sọ ohun tí ìlú kò bèèrè. Pátákó á mú ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu dúró. Kò rọrùn fún un láti gbé ọ̀rọ̀ sí ẹnu tó pa dé.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ èdè kan sọ ara wọn di wolé-wolé. Wọ́n ń wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé kámẹ́rà fóònù dání, wọ́n ń bi òṣìṣẹ́ pé kí ló dé tí kò fi Kazakh kí wọn, kí ló dé tí ìwé oúnjẹ fi jẹ́ Rọ́ṣíà nìkan, wọ́n á wá gbé fídíò náà sórí YouTube. Inú bí Moscow. Ìjọba Kazakhstan náà bá wọn wí, wọ́n ní irú ìfẹ́ ìlú bẹ́ẹ̀ kò bá òde òní mu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, láìpariwo: ní òpin oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Tokayev fọwọ́ sí àtúnṣe òfin pátákó. Kazakh ṣì jẹ́ dandan, ṣùgbọ́n Rọ́ṣíà di ohun tí wọ́n lè fi kún un bí ó bá pọn dandan. Ta ni yóò sọ pé ó pọn dandan tàbí kò pọn? Òfin kò sọ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà mọ irú ọgbọ́n yìí. Abala 55 ní kí ilé aṣòfin àpapọ̀ máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì lo Hausa, Igbo àti Yorùbá nígbà tí ètò tó péye bá ti wà. Kí ètò náà wà ló kù.

Ní bayìí, ẹ béèrè pé ṣé pátákó lè gba èdè là. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti yí Kazakhstan padà ní tòótọ́. Ìkànìyàn 2021 sọ pé ọmọ Kazakh ti lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ará Rọ́ṣíà kò ju bíi 15 lọ. Pátákó kò bímọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ Jámánì tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan ní 1989 padà sí Jámánì lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ọ̀pọ̀ ará Rọ́ṣíà náà kó ẹrù. Ọmọ Kazakh ń bímọ jù wọ́n lọ. Àwọn Kazakh tí bàbá wọn sá lọ sí Ṣáínà, Mòngólíà àti Uzbekistan padà wálé, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan láti 1991. Àwọn ọmọ abúlé gúúsù, tí Kazakh kò kúrò lẹ́nu wọn rí, ń wá iṣẹ́ wá sí Almaty àti Astana. Àwọn ni ọlọ́kọ̀, àwọn ni alágbàṣe, àwọn ni ọmọ tí ń ta kọfí lónìí. Nígbà tí owó bọ́ sọ́wọ́ wọn, oníṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìlà òkè dáadáa, torí pé ẹnì kan ti ń kà á.

Ibi tí ẹ ó ti rí i pé pátákó kò lè sọ ohun tí ẹnu ń sọ ni kí ẹ fi ìlú méjì wéra. Ní Kyzylorda ní gúúsù, èèyàn lè lo odindi ọjọ́ láìnílò Rọ́ṣíà. Ní Petropavl ní àríwá, tí Rọ́ṣíà wà nítòsí bí ilé kejì, Kazakh ni ẹ lè lo odindi ọjọ́ tí ẹ ò ní nílò. Bẹ́ẹ̀, abala 21 kan náà ló ń darí ìlú méjèèjì. Ẹni tó bá fi fọ́tò òpópónà nìkan dá ẹjọ́ á rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn Uyghur tó wà ní ìlà-oòrùn Almaty àti àwọn Uzbek tó wà níhà Shymkent sì ńkọ́? Òfin fàyè gba èdè mìíràn bí ó bá pọn dandan, ṣùgbọ́n owó pátákó kò pọ̀ tó fún ìlà kẹta, wọn kì í sábà rí àyè.

Àwọn kan máa ń tọ́ka sí Látfíà, orílẹ̀-èdè mìíràn tó wà lábẹ́ Sófíẹ́ẹ̀tì rí, fún mi, pé òfin tó le ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ó le. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000 tí òfin èdè wọn ti ń ṣiṣẹ́, ìkéde ọ́fíìsì ìjọba jẹ́ Latvian nìkan yàtọ̀ sí àwọn ohun díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Bí oníṣòwò bá fi èdè mìíràn kún tirẹ̀, kò gbọdọ̀ tóbi ju Latvian lọ. Nígbà tí wọ́n dìbò ní 2012 bóyá kí Rọ́ṣíà di èdè ìjọba kejì, bíi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló ní rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ Látfíà kò fi èdè rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé láyé Sófíẹ́ẹ̀tì. Ilé ẹ̀kọ́ wọn wà, yunifásítì wọn wà. Òfin wọn jẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ohun tó ti wà nínú ilé. Ti Kazakhstan jẹ́ ìpè sí ọmọ tó ti jáde lọ pé kí ó máa bọ̀ nílé. Ẹ ò lè fi kọ́kọ́rọ́ pe ọmọ.

Kí wá ni ìwúlò rẹ̀? Lójú tèmi, ohun tí pátákó ṣe fún Kazakh ni pé ó fún un ní ọ̀rọ̀ ìgboro. Ní ayé Sófíẹ́ẹ̀tì, Kazakh jẹ́ èdè orin, èdè ẹran ọ̀sìn, èdè ìyá àgbà. Orúkọ ohun tó wà ní ìlú ńlá, Rọ́ṣíà ló ni ín. Àwọn onímọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, òmíràn sì dára, òmíràn kò dára. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa pe dùùrù ní күйсандық, ìyẹn àpótí orin. Ìlú rẹ́rìn-ín, ó di àwàdà. Ṣùgbọ́n әуежай fún pápákọ̀ òfuurufú, мұражай fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, пайыз fún ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn ti wọlé. Kí ló yàtọ̀? Kò sí ẹni tó ń kọ dùùrù sára ògiri. Pápákọ̀ ní pátákó tó ga bí ilé, ẹ ó rí i lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ ó rí i lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀. Дәріхана ńkọ́, ìyẹn ilé oògùn? Àgbélébùú tútù yẹ̀yẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìkòríta. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń kọ́ ìwé kíkà kì í ka òfin, pátákó ló ń kà. Òun ni mo rò pé ìlà òkè ń bá sọ̀rọ̀ láìmọ̀, nígbà tí wolé-wolé rò pé òun ni.

Àlejò láti abúlé náà ń gbọ́ ohun kan níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé òfin. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Almaty ní 1980, gbogbo ògiri ló ń fi Rọ́ṣíà bi í pé kí lo wá ṣe níbí. Lónìí, bí ìlà òkè bá tilẹ̀ kún fún àṣìṣe, ó kéré tán ó ń kí i káàbọ̀.

Mo ní iṣẹ́ kékeré kan fún àbúrò yín, tí ìwé kíkà rẹ̀ bá fún un láyè. Kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì mẹ́wàá, máàrún láàárín ìlú níbi tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń gbé, máàrún ní àdúgbò etí ìlú tí àwọn tó ń bọ̀ láti abúlé kún. Ohun tó wà lókè pátákó yóò jẹ́ НАН, tó túmọ̀ sí búrẹ́dì, tàbí НАУБАЙХАНА, ibi tí wọ́n ti ń yan án. Kí ó wọlé, kí ó béèrè pé «Нан бар ма?», ìyẹn ni pé ṣé búrẹ́dì wà. Kí ó kọ èdè tí wọ́n fi dá a lóhùn sílẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ orí ẹni tó dáhùn bó bá ṣe rí i, kí ó sì ya fọ́tò pátákó. Kí ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.